Ara gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Ìtàn Wíwọn Ìmọ̀lára Ènìyàn nípa Ilé, láti 1873 títí dé Àsìkò Ayé Àfẹ̀rọdá

Ìfáárà

Iṣẹ́ tí a gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ wa nínú ìjókòó yìí dá lórí ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ láàrin àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá: nígbà tí ènìyàn bá wọ ilé kan, kí ni ilé náà ń ṣe fún un nínú ara? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu ni a fi ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹni tí ó wọ ilé ni yóò sọ pé ilé náà tu òun lára tàbí pé ó há mọ́ òun, àwọn tí ó ń gbọ́ ọ yóò sì gbà á gbọ́ tàbí kí wọ́n má gbà á gbọ́. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ọ̀nà mìíràn ti gbilẹ̀. Wọn a dé ẹ̀rọ kan sí ènìyàn lójú, ẹ̀rọ náà a fi ilé tí kò sí níbì kankan hàn án, ilé tí ó lè yí orí sọ́tùn-ún sósì láti wò, tí ó sì lè rìn nínú rẹ̀. Wọn a so wáyà mọ́ ọn ní ìka ọwọ́ àti ní àyà, wọn a sì máa ka bí òógùn ṣe ń jáde lára rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ilé inú ayé àfẹ̀rọdá nínú pépà yìí, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó dá a. Òun ni àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní virtual reality.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀nà yìí a máa sọ pé ẹnu lè purọ́ ṣùgbọ́n ara kì í purọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti yẹ gbólóhùn yìí wò bí òpìtàn ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò: ta ni ẹlẹ́rìí, kí ni ó rí, ta ni ó bi í léèrè, irú ìbéèrè wo sì ni? Èrò wa ni pé ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó pàdé nínú ọ̀nà yìí, ìtàn wíwọn ara àti ìtàn ṣíṣe àfarawé ibi. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, àríyànjiyàn kan tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ kò tíì parí, kò sì tíì parí títí di òní. Ẹni tí kò bá mọ àríyànjiyàn náà lè ka ohun tí kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti àwa ọ̀mọ̀wé lọ, nítorí pé irú àyẹ̀wò wọ̀nyí ni a ń tọ́ka sí nígbà tí a bá ń jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ilé gbígbé rí. Aláìsàn tí yóò dùbúlẹ̀ sí irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń jiyàn.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí "ìmọ̀lára" tí ó wà nínú àkọlé wa. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti gbè sẹ́yìn apá kan nínú àríyànjiyàn tí a mẹ́nu bà, nítorí ohun tí a mọ̀ ní ara ni ó túmọ̀ sí. Kò dá dúró. Inú a máa dùn, inú a sì máa bíni; àyà a máa já; ojú a máa tini; orí a máa wú; ara a máa bù máṣọ. Yorùbá ti fi ẹ̀yà ara ṣe ibùgbé fún ìmọ̀lára láti ìgbà tí kò sí ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. A ó padà sí ọ̀rọ̀ orí wíwú níwájú, nítorí pé ó ní ohun tí yóò kọ́ wa.

Kí Wáyà Tó Kan Ara

Ní 1873, Robert Vischer ní ilẹ̀ Jámánì gbé ọ̀rọ̀ kan jáde, Einfühlung, tí a lè ṣàlàyé pé ó jẹ́ kí ènìyàn fi ìmọ̀lára tirẹ̀ wọ inú ohun tí ó ń wò. Ọdún 13 lẹ́yìn náà, ní 1886, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju ẹni ọdún 22 lọ, Heinrich Wölfflin, gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ilé. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn láti sọ: báwo ni òkúta àti òpó, tí wọn kò ní ẹ̀mí, ṣe lè gbé ìbànújẹ́ tàbí ìdùnnú jáde? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nítorí àwa fúnra wa ní ara ni. A ti ru ẹrù rí, a mọ bí ó ṣe ń tẹni mọ́lẹ̀ àti bí ènìyàn ṣe ń gbìyànjú láti dúró lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí òpó tí ó gbé òrùlé fi ń yé wa. Wölfflin kò wọn ohunkóhun. Ó jókòó, ó ronú, ó sì kọ ọ́. Síbẹ̀, a kò rí ẹnì kankan nínú àwọn tí ó lo wáyà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó bi ìbéèrè náà dáadáa jù ú lọ.

Ẹni tí ó gbìyànjú láti ṣe àkọsílẹ̀ ara ni Violet Paget, òǹkọ̀wé obìnrin ará Bìrìtìkó tí ó gbé púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ ní Florence, tí ó sì ń fi orúkọ Vernon Lee kọ̀wé. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Clementina Anstruther-Thomson, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1897 lórí ẹwà àti àìlẹ́wà. Anstruther-Thomson ni ó máa ń dúró níwájú nǹkan, ìbáà ṣe àga, ìkòkò tàbí ojú ilé ìsìn, tí yóò sì máa sọ bí èémí òun ṣe ń yí padà àti bí ẹsẹ̀ òun ṣe ń wá ìdúró. Àwọn kan fi iṣẹ́ yìí ṣe ẹlẹ́yà, a sì mọ ìdí rẹ̀: ara kan ṣoṣo ni, ẹni tí ń ṣàkíyèsí sì ni ẹni tí a ń ṣàkíyèsí. Vernon Lee fúnra rẹ̀ tún ọ̀pọ̀ nǹkan yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ ti 1912. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí a ń sọ, ipò pàtàkì ni iṣẹ́ 1897 wà. Ó ti ní gbogbo ohun tí àyẹ̀wò òde òní ní àfi ẹ̀rọ.

Òógùn Ọwọ́ àti Àríyànjiyàn tí Kò Parí

Ní àsìkò kan náà, àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà tí ara yóò fi kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Angelo Mosso ní Turin ní ilẹ̀ Ítálì lo ẹ̀rọ tí ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ tàbí bí ó ṣe ń dín kù nínú apá, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí ìbẹ̀rù ní 1884. Ní ilẹ̀ Faransé ní 1888, Charles Féré jẹ́ kí iná mànàmáná díẹ̀ gba ara ènìyàn kọjá, ó sì ṣàkíyèsí pé iná náà túbọ̀ ń rí ọ̀nà gbà nígbà tí ohun kan bá ta ẹni náà jí. Ní 1890, Ivan Tarchanoff tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà fi hàn pé kò tilẹ̀ dìgbà tí a bá ti iná bọ ara láti òde, nítorí pé awọ ní iná kékeré tirẹ̀ tí ń yí padà. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tí Carl Jung fi lo ẹ̀rọ galvanometer ní Zurich, tí ó ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí aláìsàn létí, tí ó sì ń wo abẹ́rẹ́ láti mọ ọ̀rọ̀ tí ó kan ibi tí ó ń dùn ún.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ kún fún ihò òógùn, àwọn iṣan tí ìfẹ́ inú wa kò lè pàṣẹ fún ni ó sì ń darí wọn. Bí ara bá ta gìrì, omi oníyọ̀ a gòkè nínú àwọn ihò náà, ìbáà má tíì hàn sójú, iná a sì túbọ̀ rí ọ̀nà gbà. Abẹ́rẹ́ a gbéra ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 sí 3 lẹ́yìn ohun tí ó fà á, lẹ́yìn náà a rọra padà sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà rí kò ju èyí lọ. Ó rí i pé ara ta gìrì, ó sì rí bí ó ṣe pọ̀ tó.

Ibi tí àríyànjiyàn ti wọlé nìyí. Ní 1884, William James ní Amẹ́ríkà sọ pé ìyípadà inú ara ni ó ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, mímọ̀ tí a bá sì mọ ìyípadà náà ni ìmọ̀lára. Carl Lange ní Denmark sọ ohun tí ó jọ ọ́ ní 1885. Bí ọ̀rọ̀ James bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ nínú ara, ẹni tí ó bá sì wọn ara ti wọn ìmọ̀lára. Ṣùgbọ́n ní 1927, Walter Cannon ta kò ó. Ó ní ìyípadà kan náà ni ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà ìbínú, nígbà ìbẹ̀rù, àti nígbà tí òtútù bá mú ni gidigidi. Ó ní àwọn ẹ̀yà inú sì lọ́ra jù láti jẹ́ orísun ìmọ̀lára tí ń dé lójijì. Ní 1962, Stanley Schachter àti Jerome Singer gún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ adrenaline láìsọ ohun tí ó jẹ́ fún gbogbo wọn, wọ́n sì fi ẹni tí ń dápàárá tàbí ẹni tí ń bínú jókòó tì wọ́n. Èsì tí wọ́n kéde ni pé ohun tí ó yí ènìyàn ká ni ó ń sọ orúkọ tí yóò fún ìlùkìkì ọkàn rẹ̀. Àwọn tí ó tún irú àyẹ̀wò náà ṣe ní 1979 kò rí èsì tí ó bá a mu. Nítorí náà, James kò borí, Cannon kò borí, Schachter náà kò sì borí pátápátá.

Níbí ni ọ̀rọ̀ orí wíwú ti wúlò. Ẹni tí ó bá pàdé abàmì lóru a ní orí òun wú. Ẹni tí a bá kì ní oríkì ìdílé rẹ̀ láàrin àwùjọ náà a ní orí òun wú. Ìbẹ̀rù ni ti àkọ́kọ́, ìwúrí ni ti èkejì. Yorùbá fún àwọn méjèèjì ní orúkọ kan nítorí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lára jọra, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, nítorí pé ó mọ ibi tí ẹni náà wà àti ohun tí ó ń gbọ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kò mọ ibi, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó wọ gbọ̀ngàn ńlá kan tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gòkè, yálà ọlá gbọ̀ngàn náà ni ó wú u lórí tàbí ìbẹ̀rù ni ó mú un, àkọsílẹ̀ kò lè sọ. Ẹnu náà ni a ó tún padà lọ bi.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un, bí ó tilẹ̀ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ní 1923, nínú ẹjọ́ Frye, ilé ẹjọ́ ní Washington kọ̀ láti gba ẹ̀rí tí a fi wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kó jọ nípa ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, wọ́n ní ọ̀nà náà kò tíì di ohun tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí. Ó yà wá lẹ́nu pé ohun tí adájọ́ kò gbà fún ìdájọ́ ènìyàn kan, à ń gbà á láìjanpata fún ilé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò gbé.

Yàrá Dídára, Yàrá Burúkú àti Ìwé Àwọn Nọ́ọ̀sì

Ní 1956, Abraham Maslow àti Norbert Mintz ní Yunifásítì Brandeis ṣètò yàrá mẹ́ta. Wọ́n ṣe ọ̀kan lẹ́ṣọ̀ọ́, wọ́n jẹ́ kí èkejì wà bí yàrá iṣẹ́ lásán, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀kẹta rí bí ibi tí a ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí. Àwọn tí ó wọlé wo àwòrán ojú àwọn ènìyàn, wọ́n sì sọ bí agbára àti àlàáfíà ṣe hàn lójú wọn sí. Àwọn tí ó jókòó sí yàrá dídára rí àlàáfíà púpọ̀ lójú àwọn àwòrán náà. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni pépà kejì tí Mintz kọ lọ́dún kan náà, nípa àwọn tí ń bi àwọn olùkópa léèrè, tí wọn kò mọ̀ pé àwọn gan-an ni a ń ṣọ́. Nígbà tí ó bá kan yàrá burúkú, wọn a tètè parí iṣẹ́ wọn, wọn a sì ráhùn orí fífọ́ àti àárẹ̀. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ilé ń bá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ wí lójoojúmọ́, èyí tí àyẹ̀wò oníṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè rí.

Iṣẹ́ tí a ń tọ́ka sí jù nínú gbogbo ẹ̀ka yìí ni ti Roger Ulrich, tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1984. A máa ń kà á mọ́ ìtàn wíwọn ara, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí wáyà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Iṣẹ́ òpìtàn ni Ulrich ṣe. Ó lọ sínú àpamọ́ ìwé ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó wá àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún láàrin 1972 sí 1981. Àwọn kan lára wọn dùbúlẹ̀ sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi, àwọn mìíràn sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri bíríkì. Nínú gbogbo nǹkan mìíràn, àwọn yàrá náà jọra. Kìkì àwọn tí ó wà níbẹ̀ láàrin May 1 sí October 20 ni ó mú, nítorí pé ní ilẹ̀ òtútù, àsìkò náà ni ewé wà lórí igi. Ó so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, ìsọ̀rí 23, ènìyàn 46, ó sì rí i pé ọjọ́ orí wọn, àti bóyá wọ́n ń mu sìgá, bára mu. Nọ́ọ̀sì tí ó yọ àkọsílẹ̀ jáde fún un kò mọ ẹni tí ó rí igi àti ẹni tí ó rí ògiri.

Àwọn tí ó rí igi lo ọjọ́ 7.96 ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn tí ó rí ògiri sì lo ọjọ́ 8.70. Àwọn tí ó rí igi gba ìwọ̀nba oògùn apàrora líle díẹ̀ láàrin ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ohun tí ó kàn wá gẹ́gẹ́ bí òpìtàn ni ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ nípa wọn, àwọn gbólóhùn bíi pé aláìsàn ń sunkún tàbí pé ó ń fẹ́ kí a gba òun níyànjú. Irú gbólóhùn àìdára bẹ́ẹ̀ tó 3.96 lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí ó kọjú sí ògiri, kò sì ju 1.13 lọ lórí àwọn tí ó kọjú sí igi. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí kò mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi ìwé wọn ṣe ìwádìí lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí wọn fi lágbára. Ulrich pàápàá kìlọ̀ pé ògiri náà kò ní ohun tí ojú lè tẹ̀ mọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ yóò rí; òpópónà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lè ṣe ohun mìíràn. Ìkìlọ̀ yìí ni àwọn tí ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà máa ń fò dá.

Ní 1991 ni Ulrich àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá so wáyà mọ́ ènìyàn 120. Wọ́n fi sinimá nípa jàǹbá ní ibi iṣẹ́ kó másùnmáwo bá wọn, wọ́n sì tún fi sinimá igbó, omi tàbí ìgboro hàn wọ́n, wọ́n ń ka ìlùkìkì ọkàn, òógùn awọ àti bí iṣan ṣe ń le. Ara tètè rọ̀ wọ̀ọ̀ fún àwọn tí ó wo igbó àti omi. Kí a kíyè sí i pé ibi gidi ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà báyìí. Àwòrán ibi ni ó kù.

Àfarawé Ibi

Fífi àwòrán rọ́pò ibi ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Donald Appleyard àti Kenneth Craik ní Yunifásítì California ní Berkeley kọ́ àwòṣe kékeré kan tí ó jọ apá kan ní Marin County, pẹ̀lú òkè, igi àti ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí kámẹ́rà tín-ín-rín kan máa rìn lójú ọ̀nà inú rẹ̀ bí ẹni wa ọkọ̀. Wọ́n kó àwọn kan gba ojú ọ̀nà gidi, wọ́n fi fíìmù àwòṣe han àwọn mìíràn, wọ́n sì fi ìdáhùn àwọn méjèèjì wéra. Ìdáhùn wọn sún mọ́ra. A yin iṣẹ́ yìí nítorí pé àwọn tí ó ṣe é kò rò pé àfarawé tó. Wọ́n gbà pé ó yẹ kí àwọn fi ibi gidi dán an wò kí àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ní ti ẹ̀rọ àdésójú, Ivan Sutherland ni ó gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí jáde ní 1968. Ìlà lásán ni ènìyàn ń rí nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fi hàn ni yàrá kan, tí a kọ lẹ́tà sára ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àjà àti ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lè mọ ibi tí ó kọjú sí. Ilé ni ayé àfẹ̀rọdá ti bẹ̀rẹ̀, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Frederick Brooks àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill fi kọ̀ǹpútà ya Sitterson Hall, ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún ẹ̀ka tiwọn gan-an, wọ́n sì rìn nínú rẹ̀ kí a tó kọ́ ọ. Wọ́n rí i pé gbọ̀ngàn àbáwọlé há jù, wọ́n sì mú kí àwọn ayàwòrán-ilé sún ògiri kan. Kò sí wáyà lára wọn. Ojú àti ẹnu ni wọ́n lò, ó sì tó wọn.

Chapel Hill kan náà ni ìtàn méjèèjì ti pàdé ní gbangba. Ní 2002, Michael Meehan, Brent Insko, Mary Whitton àti Brooks tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí yàrá tí wọ́n ń pè ní kòtò. Ẹni tí ó dé ẹ̀rọ a rí ara rẹ̀ ní etí ihò kan tí ó jìn tó ẹsẹ̀-bàtà 20, tí àga àti tábìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú ni ó dúró lé lójú ayé. Wọ́n wọn ìlùkìkì ọkàn, òógùn awọ àti bí awọ ṣe gbóná tó. Ọkàn ni ó dáhùn jù. Gbogbo àwọn tí ó wọlé mọ̀ pé kò sí kòtò kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ọkàn wọn ń lù kìkì.

A rò pé ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwọn oníwáyà ń lò ó láti fi hàn pé ayé àfẹ̀rọdá dára tó láti rọ́pò ibi gidi, nítorí pé ara gbà á gbọ́. Àmọ́ bí a bá yí i padà, ohun mìíràn ni yóò hàn. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní kì í purọ́ náà ni a ti tàn jẹ yìí, tí ó sì ń jẹ́rìí tìgboyà-tìgboyà nípa kòtò tí kò sí. Kò purọ́ lóòótọ́. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ní sùn lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Ẹnu àwọn olùkópa wọ̀nyí, tí ó ń sọ pé kò sí kòtò, ni ó mọ òtítọ́ nípa ibi tí wọ́n wà.

Láti 2003, tí a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní San Diego láti so ìmọ̀ ọpọlọ pọ̀ mọ́ ilé yíyà, àti láti 2016 pàápàá, tí ẹ̀rọ àdésójú Oculus Rift jáde fún títà, irú àyẹ̀wò wọ̀nyí ti pọ̀ ju ohun tí a lè kà tán lọ. Ọ̀kan péré ni a ó mú, nítorí pé òun ni ó dára jù nínú àwọn tí a mọ̀. Ní 2014, Lars Brorson Fich àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Denmark fi àwọn ènìyàn sínú yàrá àfẹ̀rọdá, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ṣe ìṣirò níwájú àwọn adájọ́ tí ẹ̀rọ dá. Yàrá àwọn kan ní ojú fèrèsé, ti àwọn mìíràn sé pátápátá. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò fún cortisol, èyí tí ara ń tú jáde nígbà másùnmáwo. Ti àwọn tí ó wà nínú yàrá tí ó sé ga jù, ó sì pẹ́ kí ó tó wálẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ní ọgbọ́n nínú, nítorí pé kò béèrè bóyá yàrá náà dára. Ó fi ìṣòro kan náà fún gbogbo wọn, ó sì wo ohun tí yàrá fi kún un.

Awọ Ta Ni, Yàrá Ta Ni?

Síbẹ̀, kí ni yàrá tí ó sé túmọ̀ sí? Nínú agbo ilé Yorùbá àtijọ́, yàrá kéré, ó ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan tàbí kí ó má tilẹ̀ ní rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni a ń gbé. Yàrá wà fún oorun àti fún ẹrù tí a kò fẹ́ kí ojú àlejò kàn. Ẹni tí irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà lè ka yàrá tí kò ní ihò sí ibi ààbò, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. A kò lè fi èsì Denmark mọ̀ ọ́n. Ní 2010, Joseph Henrich, Steven Heine àti Ara Norenzayan kọ pépà tí ó fi hàn bí ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ṣe dúró lé àwọn ènìyàn ìhà ìwọ̀-oòrùn ayé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pàápàá, tí a sì ń fi èsì wọn sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọmọ ènìyàn. Ẹ̀ka tí à ń sọ yìí kò bọ́ lọ́wọ́ ìbáwí náà.

Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í ka gbogbo ara bákan náà. Láti 1963 ni L. C. Johnson àti N. L. Corah ti kọ sínú Science pé iná kì í rí ọ̀nà gba awọ àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò bí ó ṣe ń gba ti àwọn funfun. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò bá gbéra tó, ìlànà ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ni pé kí a yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, wọn a ní ara rẹ̀ kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwọn iná ọpọlọ, tí a ń fi irin kékeré lẹ̀ mọ́ awọ orí: irun tí ó ká tí ó sì kún kì í jẹ́ kí irin náà kan orí dáadáa. Ní 2020 ni Arnelle Etienne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon gbé irin mìíràn jáde tí ń rọ̀ mọ́ àárín irun tí a dì. Onídìrí èyíkéyìí ní ìlú wa ìbá ti sọ ibi tí ìṣòro wà fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí a ń sọ ni pé, nígbà tí a bá kà pé ara dáhùn báyìí sí irú ilé báyìí, a gbọ́dọ̀ bi pépà náà léèrè iye ènìyàn tí wọ́n yọ dànù, ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n, àti bí awọ àti irun wọn ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti àpamọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún iṣẹ́ Ulrich yẹ̀ wò mọ irú ìwé tí yóò wá lọ ní ilé ìwòsàn mìíràn: ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìjáde, oògùn, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún iṣẹ́ Maslow àti Mintz yẹ̀ wò lè ṣètò yàrá. Yàrá àfẹ̀rọdá kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí a kọ fún kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀rọ kan pàtó ni ó sì lè ṣí i. Bí wọn kò bá tọ́jú ètò náà pẹ̀lú irú ẹ̀rọ tí ó ń lò, ohun tí yóò kù kò ju ìlà abẹ́rẹ́ àti àwòrán kan tàbí méjì nínú pépà. A ó ní ohùn ẹlẹ́rìí lọ́wọ́, a kò sì ní lè wọ ibi tí ó ní òun ti rí ohun tí ó rí. A dámọ̀ràn pé kí ẹ̀ka ìmọ̀ èyíkéyìí tí ó bá fẹ́ dáwọ́ lé irú ìwádìí yìí níbí máa béèrè, kí a tó gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, pé kí ètò ilé náà, ìlànà yíyọ olùkópa, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkópa fi ẹnu ara wọn sọ wà nínú ohun tí yóò fi sí ilé ìkàwé.